Àwọn Ará Ààfin Tí Òrùlé Wọn Ṣí

Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé mi àti ilé Itsue Kuramochi ní Nishijin, àdúgbò àwọn ahunṣọ, ògiri náà kò sì nípọn. Tí ọkọ rẹ̀ bá húkọ́, mo máa ń gbọ́. Tí èmi náà bá tan ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀wà sóyà láàárọ̀ kùtù, wọ́n á mọ̀ pé tófù ọjọ́ náà, wàrà sóyà tí mo ń tà, ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó lé ní ogójì ọdún tí a fi gbé bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn, ìdí náà sì nìyẹn tí apá kan nínú rẹ̀ fi wà lọ́rùn mi títí dòní.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Itsue nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Aṣọ tí wọ́n ń hun níbi iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwa ń wọ̀. Ti ayẹyẹ ààfin ni, èyí tí àwọn obìnrin máa ń wọ̀ lérí ara wọn ní ìpele méjìlá. Ó ká òwú náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fi ẹyọ aṣọ kan kan ara rẹ̀ rí. Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí òun ò bá lè wọ aṣọ náà, àwọn tó ni ín á wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Olùkọ́ Shiraki, bàbá arúgbó kan tó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán láyé ààfin àtijọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni, láti agogo kan sí mẹ́rin, ní gbọ̀ngàn àdúgbò.

Ó kọ́ ọ fún ọdún márùn-ún kó tó gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ọdún méje ló wá fi ya ilẹ̀kùn pépà mẹ́fà, àwọn tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó pààlà pálọ̀ wọn àti yàrá ẹ̀yìn. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ òkúta aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró, tó ń fi gúlúù awọ ẹran pò ó. Ìkarahun inú òkun tí a lọ̀ kúnná ló fi kun ojú àwọn obìnrin náà ní funfun. Ìkùukùu wúrà ló gba òkè ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, ààfin sì wà lábẹ́ rẹ̀: obìnrin mẹ́sàn-án tí irun wọn wọ́ nílẹ̀, ojú wọn ìlà kan péré, imú wọn bí ìkọ́ kékeré. Kò sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí èyí tó ń sunkún. Ọ̀kan nínú wọn kọ ẹ̀yìn sí wa. Èmi nìkan ni Itsue sọ fún pé ara òun lòun yà síbẹ̀.

Ààfin náà kò ní òrùlé. Bí wọ́n ṣe ń yà á látijọ́ nìyẹn: ayàwòrán á ṣí òrùlé ilé kúrò pátápátá, kí ẹni tó ń wò ó lè rí inú yàrá láti òkè bí ìgbà tí ẹyẹ ń fò kọjá.

Nígbà tó parí rẹ̀ lóṣù kẹta, ó pè wá wá mu tíì. Olùkọ́ Shiraki wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin láti kíláàsì náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa ń yìn ín. Tamotsu ọkọ rẹ̀ dìde, ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn kẹta, ó wò ó pẹ́.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Tamotsu nígbà náà. Iṣẹ́ kíkan táìlì òrùlé ló ṣe láyé rẹ̀, kò sì sí òpópónà kan ní Nishijin tí kò ní ilé tó ti gun orí rẹ̀ rí. Àmọ́ ó ti tó ọdún méjì tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Ó lè jáde lọ ra sìgá, nígbà tó jẹ́ pé ogún ọdún ti kọjá tó ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ó yíjú padà sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ìyá Nagisa, ta ló ṣí òrùlé wọn?”

A bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ Shiraki dá a lóhùn pé, “Àwa ayàwòrán ni, Bàbá. Tí a ò bá ṣí i, báwo la ṣe fẹ́ rí àwọn arẹwà inú rẹ̀?”

“Ẹ ṣí i, ẹ ò sì dá a padà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Tí òjò bá dé ńkọ́?”

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ní, “Bàbá Nagisa, ẹ kúkú lọ bá wọn kàn án, kí ẹ gba owó iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ọba!”

A tún rẹ́rìn-ín. Tamotsu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí bí ó ṣe máa ń mì í nígbà tí oníbàárà bá ń ṣàlàyé ibi tí ilé ti ń jò. Ó ní, “Ó dáa. Màá lọ wò ó ná.”

Ọ̀sẹ̀ bíi méjì lẹ́yìn náà, òjò rọ̀, Itsue sì bá agbòjò ní ṣíṣí níwájú ilẹ̀kùn kẹta. Ó wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun ti di ọmọlúwàbí, ó ń gba òjò fún àwọn obìnrin olóbìnrin. Òjò tún rọ̀, ó bá agbòjò náà pẹ̀lú báàsíà ìfọṣọ àti páànù ìfọwọ́ méjì. Lọ́jọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹrin, ó dé láti kíláàsì, ó bá táìlì òrùlé kan lórí ẹní pálọ̀. Ó tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

“Bàbá Nagisa, níbo lẹ ti rí eléyìí?”

“Àwọn òṣìṣẹ́ gbé e wá.”

“Òṣìṣẹ́ wo?”

Ó wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. “Àwọn tèmi,” ló wí.

Àwọn táìlì àlòkù kan wà lẹ́yìnkùlé wọn, tí wọ́n tò jọ láti ìgbà tí Tamotsu ti ń ṣiṣẹ́. Itsue gbà pé láti ibẹ̀ ló ti ń mú wọn. Ó fi í sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ti di mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀ mìíràn, mẹ́sàn-án. Tamotsu tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tò ó lórí ilé gan-an, ẹnu ọ̀kan lórí ẹ̀yìn èkejì, ìlà wọn sì gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Itsue fẹ́ kó wọn kúrò, Tamotsu di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì le. Ọkùnrin yìí kò tíì fọwọ́ líle kàn án rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

“Ẹ má dá iṣẹ́ mi dúró,” ló sọ fún un. “Ìgbà òjò ń bọ̀.”

Nagisa, ọmọ wọn, wá láti Osaka ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Ó dúró ní pálọ̀, ó ka táìlì náà. Ó ti lé ní ogún.

“Màámi, ẹ yọ àwọn ilẹ̀kùn yìí kúrò.”

“Ọdún méje, Nagisa.”

“Mo mọ̀ pé ọdún méje ni. Ẹ wo ojú wọn. Èmi tí iyè mi pé gan-an, wọ́n ń dẹ́rù bà mí. Bàbá ńkọ́?”

“Tí mo bá yọ wọ́n, kí ni màá máa wò? Òun?” Itsue nawọ́ sí ibi tí Tamotsu jókòó sí, tó ń fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ táìlì kan. “Ó kù díẹ̀ kó má dá mi mọ̀ mọ́. Jẹ́ kí èmi náà ní ohun tí mo mọ̀.”

Nagisa yà sọ́dọ̀ mi nígbà tó ń lọ. “Ìyá Alátófù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Màámi ò bá sí nílé.”

Mo ní mo gbọ́. Èmi tí mo sọ pé mo gbọ́ yìí, láti oṣù kẹrin ni mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí òrùlé lọ́sàn-án. Á rìn díẹ̀, á dúró, nǹkan á ró *ko*, á tún rìn. Mo rò pé kannakánná ni. Nígbà mìíràn mo rò pé ológbò onílé ìwẹ̀ àdúgbò wa ni. Mi ò fi ọjọ́ wé ọjọ́.

Ìgbà òjò dé lóṣù kẹfà. Táìlì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti wà ní pálọ̀. Ọjọ́rú kan, Itsue gòkè lọ mú ẹní ìsùn, ó bá a ní rírin gbingbin. Ó gbójú sókè. Àjà ti dúdú ní ibi tó fẹ̀ tó tábìlì, omi sì ń kán láti àárín rẹ̀. Òrùlé tí Tamotsu fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí kò jò lẹ́ẹ̀kan rí láti ọgbọ̀n ọdún.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé. Táìlì àlòkù wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ewé tútù tó hù sára wọn kò ṣí, aláǹtakùn ti ta okùn láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láìwọ bàtà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí ìdúró. 

Mo ní, “Itsue, ìró ẹsẹ̀ máa ń wà lórí ilé.”

“Ọjọ́ wo?”

Mo ronú. Ọjọ́ tí mo máa ń dín tófù ni. “Ọjọ́bọ̀.”

A wo ara wa. Ọjọ́ kíláàsì rẹ̀ ni, ọjọ́ tí kì í sí nílé.

Ọjọ́ kejì, agogo kan ku díẹ̀, Itsue di búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó dágbére fún ọkọ rẹ̀, ó gba iwájú jáde, ó sì gba ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. A jókòó sáàárín àwọn báàkẹ́ẹ̀tì. Òjò ń ṣẹ̀, èyí tí kì í pariwo. Agogo méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé bóyá kannakánná náà ni lóòótọ́.

Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta lù, fèrèsé òkè ilé wọn dún. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí wa. Kì í ṣe ìrìn arúgbó. Ìrìn ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni.

A sáré jáde sí òpópónà. Tamotsu wà lókè lọ́hùn-ún, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ àti bàtà oníka méjì tí àwọn akanlé máa ń wọ̀, èmi sì ti rò pé wọ́n ti sọ bàtà náà nù tipẹ́. Ó ti gba orí pèpéle ìsáṣọ kọjá sórí ilé. Táìlì tútù náà ń dán bí ẹ̀yìn ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yọ ọ̀kan, ihò tó ti yọ sílẹ̀ sì tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Igi òrùlé hàn síta bí egungun ìhà.

Itsue ya ẹnu láti kígbe. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Tí Tamotsu bá ta gìrì báyìí, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Itsue yọ ọwọ́ mi kúrò pẹ̀lẹ́. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fa irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá fi ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pè é, ohùn ìyàwó ilé tó gba òṣìṣẹ́ sílé.

“Ọ̀gá! Ẹ kú iṣẹ́ o! Agogo mẹ́ta ti lù! Tíì ti délẹ̀!”

Tamotsu wo ìsàlẹ̀. “Ẹ ṣé, Màmá! Ó ku mẹ́ta péré!”

“Tíì á tutù o, Ọ̀gá!”

“Kí lẹ fi tì í?”

“Àkàrà ẹ̀wà dídùn ni!”

Ó rò ó wò. A ń wò ó bó ṣe ń rò ó wò nínú òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níbí, èkejì lọ́hùn-ún. “Ó dáa,” ló wí, ó sì yíjú sí pèpéle ìsáṣọ. Nígbà tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó yọ̀. Táìlì ọwọ́ rẹ̀ bọ́, ó fi ara wọ́ òrùlé wálẹ̀, ó fọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ wa. Mo ti di ojú. Nígbà tí mo là á, Tamotsu ti di igi ìsáṣọ mú pẹ̀lú apá kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó mí, ó wọ fèrèsé.

Mi ò mọ bí mo ṣe sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àkàrà dídùn ní ìkángun òpópónà, àmọ́ àkàrà ẹ̀wà náà wà lórí àwo nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí òṣìṣẹ́, kò wọlé pátápátá kó má baà fi omi ba ẹní jẹ́. Ó gba ife pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ilé yín dára o, ẹni tó kan òrùlé yín mọ iṣẹ́.”

“A dúpẹ́,” ni Itsue wí.

“Àmọ́ ilé ìsàlẹ̀ yẹn...” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ìwà ìkà ni. Wọ́n kó obìnrin mẹ́sàn-án jókòó sínú òjò. Aṣọ ti fa omi, ó ti wúwo, wọn ò lè dìde mọ́. Mo ń pè wọ́n, wọn kì í dáhùn. Ọ̀kan ti kú.”

Ọwọ́ Itsue dúró lórí kẹ́tùlù. “Èwo?”

“Èyí tó kọ ẹ̀yìn síta.” Ó bu àkàrà jẹ. “Ẹ má sọ fún àwọn yòókù.”

Itsue gbé kẹ́tùlù náà. Ó bu tíì kún ife rẹ̀. Èmi ni mo jáde lọ sunkún.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Tamotsu àtijọ́ wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá táìlì náà padà sórí ilé, wọ́n sì kan fèrèsé òkè pa. Wọ́n ní bí ọ̀gá àwọn ṣe yọ ọ́, láìfọ́ ẹyọ kan àfi èyí tó bọ́ yẹn, àwọn ò lè yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nagisa tún wá, ó ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Itsue ní wọn ò ní gbé e lọ síbì kankan.

“Tí mo bá gbé wọn lọ, bàbá rẹ á máa wá wọn kiri,” ló sọ. “Á gun òrùlé onílé onílé.”

Ó tú òkúta aláwọ̀ ilẹ̀ jáde nínú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ̀ ọ́. Olùkọ́ Shiraki gbọ́, ó sáré wá.

“Ìyá Nagisa, iṣẹ́ ọdún méje lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀ yìí!”

“Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya òrùlé. Ẹ ò kọ́ wa ní ìyẹn rí.”

Bàbá náà jókòó.  Òun alára ò fi bẹ́ẹ̀ yà á rí, ló sọ.

Tamotsu ló wá kọ́ ọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jókòó ti ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Itsue kọ́kọ́ fẹ́ ya táìlì, ó gbá a lọ́wọ́. “Ilé ọba kì í lo táìlì, ìwọ ọmọbìnrin yìí. Èèpo igi ni. Bẹ̀rẹ̀ láti etí ilé, máa gòkè bọ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ó fẹ̀ jù yẹn.” Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló pè é ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ó sì ń bá a wí bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọṣẹ́ wí. Itsue ń dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

Bí òrùlé ṣe ń gòkè ni àwọn obìnrin náà ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Aṣọ wọn kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà irun, lẹ́yìn náà ojú. Mo gbé tófù wá lọ́jọ́ kẹwàá, mo bá ọ̀kan ṣoṣo tó kù, èyí tó kọ ẹ̀yìn síta. Lọ́jọ́ kọkànlá, búrọ́ọ̀ṣì Itsue dúró lórí rẹ̀.

“Kí lò ń dúró dè?” ni Tamotsu bi í. “Òkú kì í bẹ̀rù òjò. Bò ó.”

Ó bò ó.

Tamotsu kò gun òkè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó sùn, ó jẹun, ara rẹ̀ balẹ̀. Nagisa ní iṣẹ́ ìyanu ni. Àmọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀, ó di pé ó ń lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn náà, pépà ń tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi tí etí rẹ̀ ti ń kàn án. Itsue bi í ohun tó ń gbọ́.

“Wọ́n ní òkùnkùn pọ̀ jù níbẹ̀,” ló wí. “Wọ́n ń bi mí ẹni tó ti àwọn mọ́lé.”

Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni. Ó kàn yíjú, ó ń wo Itsue, títí Itsue fi dìde kúrò ní pálọ̀.

Òtútù àyà mú Tamotsu lóṣù kejì, ó sì kú sí ilé ìwòsàn, ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pe orúkọ ẹnì kankan.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Olùkọ́ Shiraki ní gúlúù náà kò le, pé a lè fi omi rọra yọ òrùlé yẹn kúrò kí àwọn obìnrin náà tún hàn. Nagisa ní kí wọ́n ṣe é. Itsue ní rárá, kò sì sọ ìdí. Ó ń lọ sí kíláàsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ewé àti omi ló sì ń yà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n wá bá òun gbé àwọn ilẹ̀kùn náà lọ sókè, kí a fi ti koríko rọ́pò wọn fún ooru, bí gbogbo ilé àdúgbò wa ṣe máa ń ṣe. A gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n wúwo ju bí ilẹ̀kùn pépà ṣe yẹ kó wúwo lọ, tàbí kó jẹ́ pé àgbà ti dé sí wa. A gbé wọn ti ògiri, a sọ̀ kalẹ̀, mo gé tófù tútù, Itsue rin atalẹ̀ sí i. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́, igi yàrá òkè dún lẹ́ẹ̀kan, bí igi ilé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe nígbà ooru. Itsue gbójú sókè. Ó wá nawọ́ bu ọbẹ̀ sóyà sí tófù rẹ̀, ó sì ń jẹun lọ.